Kì Í Ṣe Jẹjẹrẹ Ló Pa Àǹtí Mi

1/ Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, ó sì lè bí ẹlòmíì nínú. Ẹni tó bá bí nínú, kó kà á dópin kó tó bú mi. Ọ̀rọ̀ ikú ni. Ọ̀rọ̀ kápúsù tó wà nínú báàgì rẹ náà sì ni.

2/ Lọ́jọ́ tí a sin àǹtí mi, gbogbo ẹni tó gba máìkì ló ń sọ pé jẹjẹrẹ ló pa á. Àwọn kan jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ayé ni. Mo ń wò wọ́n. Mi ò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í sì í ṣe ayé.

3/ Àbúrò ìyá mi ni. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n bá lára rẹ̀. Dókítà ní kó kọ́kọ́ gba kímò kí kókó náà lè kéré, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó fi máa gba ẹ̀ẹ̀kẹta, kókó náà ti ń wọlẹ̀. Dókítà fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi padà sílé ní Ìbàdàn, ó ní ká lọ bá òun wá àmàlà rà. Ẹ rántí ibi tí mo bá a dé yìí o: oògùn ń ṣiṣẹ́, jẹjẹrẹ ń sá.

4/ Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn kímò kẹta, ara rẹ̀ gbóná. Ó ní òtútù ń mú òun. Kí la ṣe? Ohun tí ẹ̀yin náà á ṣe. A ní "ibà ni." Èmi ni wọ́n rán sí kẹ́mísì lọ ra oògùn ibà. A fún un ní Panadol lé e. Ara rẹ̀ rọ̀. Gbogbo wa lọ sùn.

5/ Ẹ wo bí èdè wa ṣe tàn wá jẹ níbẹ̀. Tí ara bá gbóná, ibà la ń pè é. Malaria náà, ibà la ń pè é. Ọ̀rọ̀ kan, nǹkan méjì. Torí náà, tí ara ẹni tó ń gba kímò bá gbóná, ẹ̀fọn ló máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ la fi ń bá ẹ̀fọn jà. Ẹ̀fọn ò sí níbẹ̀ rárá.

6/ Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tí kímò ń ṣe, torí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún wa kó yé wa. Oògùn kímò ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pọ̀ sí i. Jẹjẹrẹ ń yára pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tó fi ń bà á. Ṣùgbọ́n ibi tí irun ti ń hù náà ń yára, ìyẹn ló fi ń jábọ́. Awọ inú ẹnu àti inú ìfun náà ń yára, ìyẹn ló fi ń bó. Mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, òun náà ń yára.

7/ Inú mùdùnmúdùn yẹn ni àwọn sójà ara wa ti ń jáde: sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó ń jẹ́ neutrophil. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé kòkòrò bakitéríà mì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oògùn kímò, láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14, iye wọn máa ń já wálẹ̀ gan-an. Tí wọn ò bá ti pé 500 mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ò ju orí pínnì lọ, bárékè ti ṣófo nìyẹn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ti àǹtí mi. Ẹ bá mi kà á.

8/ Báyìí, inú ìfun gbogbo wa ni bakitéríà ń gbé. Wọn ò bá wa jà, torí ògiri ìfun wà níbẹ̀, sójà sì wà lẹ́yìn ògiri. Kímò ti dá ògiri lu. Sójà ti lọ. Kòkòrò á kàn rìn wọnú ẹ̀jẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

9/ Èyí tó wá burú jù ni pé kò ní ṣe bí àkóràn tí ẹ mọ̀. Kò ní sí ọyún, ó lè má wú rárá, torí sójà tó ń jà ló ń dá ọyún àti wíwú sílẹ̀. Nígbà míì, ara gbígbóná nìkan lẹ máa rí. Ìdí nìyẹn tí ìlànà àwọn dókítà jẹjẹrẹ fi sọ pé tí ara ẹni tó wà lórí kímò bá dé 38.3, kódà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí tó dúró lórí 38 fún wákàtí kan, pàjáwìrì ni. Kí àńtíbáyótíìkì ti wọ iṣan rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 60 tó dé ọsibítù.

10/ Ìṣẹ́jú 60. Àwa lo ọjọ́ kan àtààbọ̀. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀, tèmi náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ò tíì parí, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹ̀bi wa bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀.

11/ A gbé e dé ọsibítù. Wọ́n fa dírípù sí i, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ceftriaxone. Dókítà ní àwọn fẹ́ ṣe blood culture. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á bu ú sínú ìgò tó ní oúnjẹ kòkòrò nínú, wọ́n á dúró kó hù, kí wọ́n lè mọ irú kòkòrò tó jẹ́ àti oògùn tó lè pa á. Ó yé mi. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì ní kò sí ìgò. Ọsibítù ńlá. Wọ́n ń fúnni ní kímò níbẹ̀. Kò sí ìgò.

12/ Mo lọ ra ìgò níta. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n ní láàbù àwọn ò ní lè ṣe é lọ́jọ́ náà, kí n gbé e lọ sí láàbù aládàáni. Mo gun ọ̀kadà, mo di ẹ̀jẹ̀ àǹtí mi mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Mo ń bẹ ọlọ́kadà pé kó rọra máa gba ihò. Títí di òní, tí mo bá gun ọ̀kadà, ọwọ́ mi ṣì máa ń lọ sí àyà mi.

13/ Ọjọ́ kẹta ni èsì jáde. Klebsiella pneumoniae. Orúkọ oògùn tò sí apá òsì ìwé náà, lẹ́tà kan wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. S, oògùn náà lè pa á. R, kòkòrò náà ti borí ẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀lé e wálẹ̀. Augmentin, R. Septrin, R. Cipro, R. Gentamicin, R. Ceftriaxone, R. Ceftriaxone yẹn ló ń kán sí i lára láti ọjọ́ mẹ́ta! Kòkòrò náà ń fi í ṣeré.

14/ Níwájú meropenem ni S wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni wọ́n ń fún ni, wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Owó ìgò kan péré ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ nílé wa. A da owó jọ lórí WhatsApp ẹbí. Àwọn tí kì í dá sí nǹkan kan níbẹ̀ dá owó lọ́jọ́ yẹn. Alẹ́ la rí oògùn náà rà. Wọ́n fún un ní ti alẹ́. Ilẹ̀ ò mọ́ bá a.

15/ Ẹ jẹ́ n tún un sọ: kókó inú ọmú rẹ̀ ti ń wọlẹ̀. Ó ń borí jẹjẹrẹ. Kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́ ló pa á. Ìyẹn ni mo fi ń bínú, tí mi ò sì lè gbọ́ "jẹjẹrẹ ló pa á" kí n dákẹ́.

16/ Ìbéèrè tó wá kù: níbo ni Klebsiella yẹn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn? Kímò kọ́ ló kọ́ ọ. Àwa la kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi àti ẹ̀yin.

17/ Ẹ máa ń gbọ́ káwọn èèyàn sọ pé "ara mi ti mọ́ oògùn yẹn, kò ràn mí mọ́." Irọ́ ni. Ara rẹ kọ́ ló ń mọ́ ọn, kòkòrò ni. Ọ̀fìnkìn ń ṣe ẹ́, o lo Ampiclox. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, Ampiclox ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ oògùn náà ò kàn wọlé kó jáde. Ó dé inú ìfun rẹ, ó pa àwọn bakitéríà tí ò lágbára, ó fi àwọn alágbára sílẹ̀. Àwọn yẹn wá rí àyè bímọ.

18/ Wọn ò sì dá ọgbọ́n náà nìkan jẹ. Bakitéríà máa ń gbé àbùdá tó fi ń borí oògùn fún bakitéríà míì, kódà tí wọn kì í ṣe irú kan náà, bí ẹ ṣe ń fún ara yín ní password Wi-Fi. Ẹnì kan mọ̀ ọ́n, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ti mọ̀ ọ́n.

19/ Ìwọ ò ní ṣàìsàn o. O kàn ń gbé wọn kiri ni. O lọ sí ṣáláńgá, o ò fọwọ́ dáadáa. O bọ èèyàn lọ́wọ́, o se oúnjẹ. Omi gọ́tà ṣàn, kànga wà nítòsí ihò ìgbẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ó dé inú ìfun ẹni tí o ò mọ̀ rí. Lọ́jọ́ tí ẹni yẹn bá gba kímò, tí sójà ara rẹ̀ ṣòfò, ohun tí o kọ́ kòkòrò ló máa wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ.

20/ Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ara wa. Ta ni kò rí i lórí TL rí, kí ẹnì kan máa gba ẹlòmíì nímọ̀ràn pé tó bá ti bá èèyàn sùn tán, kó ju Ampiclox méjì sẹ́nu? Inú rírun díẹ̀, Flagyl. Ojú ọgbẹ́, ẹ tú tẹtrasáíkílìn pupa òun yẹ́lò sí i. "Ẹ bá mi po oògùn ọrùn ríro," kẹ́mísì á kó oríṣi márùn-ún sínú ọ̀rá kékeré, kápúsù kan á wà níbẹ̀. Wọ́n fún ẹ ní ti ọjọ́ méje, o lo ti ọjọ́ méjì, o tọ́jú ìyókù de ọ̀rẹ́ rẹ. Àwọn alágbàtọ́ adìyẹ ń bu ú sómi fún adìyẹ tí ò ṣàìsàn.

21/ Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti lo Ampiclox fún ọ̀fìnkìn àìmọye ìgbà. Mo lò ó lọ́dún tí àǹtí mi kú gan-an, inú ilé kan náà la sì jọ ń gbé. Mi ò lè sọ pé tèmi ló wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe tèmi.

22/ Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ tuntun. Alexander Fleming tó ṣàwárí penicillin ní 1928 ti kìlọ̀ fún gbogbo ayé ní 1945, nígbà tó lọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn Nobel tó gbà. Ó fi ọkùnrin kan ṣàpẹẹrẹ: ọ̀fun ń dun ọkùnrin yìí, ó lọ ra penicillin fúnra rẹ̀, ó lo díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ò pa kòkòrò, ó kàn kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni. Ìyàwó rẹ̀ kó o lára rẹ̀, oògùn ò ràn án, ó kú. Fleming wá bi wọ́n pé ta ló jẹ̀bi ikú obìnrin náà. 1945 o! Àwa ṣì ń bèèrè pé ta ló ṣe é.

23/ Ẹ̀yin tó fẹ́ràn ìṣirò, ẹ gbà. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2022 ṣírò pé bakitéríà tí oògùn ò ràn ló fa ikú mílíọ̀nù 1.27 ní tààrà lágbàáyé ní 2019, ó sì lọ́wọ́ nínú ikú mílíọ̀nù 4.95. Níbo ni ikú náà ti pọ̀ jù tí a bá fi wé iye èèyàn? Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ilé wa. Ti Nàìjíríà nìkan lọ́dún yẹn, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí 64,500.

24/ Kò sí hashtag fún wọn. Kò lè sí, torí orúkọ míì la fi sin wọ́n. Abiyamọ, a ní ìbímọ ló pa á. Ọmọ tuntun, a ní àbíkú ni. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ, a ní dókítà gé ibi tí kò yẹ. Ẹni tó ń gba kímò, a ní jẹjẹrẹ ni. Apànìyàn kan náà ń rìn láàárín wa, orúkọ ẹlòmíì là ń pè.

25/ Mo ti mọ èsì tí ẹ máa fún mi. Àkọ́kọ́: "Ìjọba ni kó o lọ bú." Mò ń bọ̀ lórí wọn. 2017 ni Nàìjíríà kọ ètò àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. 2024, wọ́n kọ òmíràn. Oṣù Kẹsàn-án 2024, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n ṣèlérí pé ikú yìí máa fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù kó tó di 2030. Ọdọọdún, láti ọjọ́ 18 sí 24 Oṣù Kọkànlá, ọ̀sẹ̀ ìlanilọ́yẹ̀ wà. Fìlà wà. T-shirt wà. Fọ́tò wà.

26/ Ìgò ò sí. Omi ò sí. Mo rí nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù ò sì yọ omi láti àárọ̀. Kí ló fẹ́ fi fọwọ́? T-shirt? Òfin sọ pé àńtíbáyótíìkì kò gbọ́dọ̀ jáde láìsí ìwé dókítà. Ẹ jáde síta nísinsìnyí, ẹ lọ sí kẹ́mísì àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹnikẹ́ni béèrè ìwé lọ́wọ́ yín.

27/ Ìkejì: "Tálákà ni wá, kẹ́mísì ló sún mọ́ wa." Òótọ́ ni, mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹni tó máa pàdánù owó oúnjẹ ọjọ́ kan torí ìlà ọsibítù, èmi ò ní ẹnu tí mo fi máa bú u. Àìrí àńtíbáyótíìkì náà ń pani. Àìrí èyí tó yẹ lásìkò wà lára ohun tó pa àǹtí mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo wa lè rà ni a ti lò bàjẹ́. Èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni tálákà ò lè rà. Tálákà ni ìlòkulò yìí kọ́kọ́ ń pa.

28/ Ìkẹta: "Ẹ fún un ní agbo." Ìyá bàbá mi máa ń se agbo, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ẹni tí kò ní sójà lára ò gbọ́dọ̀ mu ohun tó lè gbé kòkòrò wọlé fún un. Àti pé nígbà tí agbo bá fi hó, tó fi tutù, ìṣẹ́jú 60 yẹn ti lọ.

29/ Ìkẹrin: "Ayé ló ṣe é." Èyí ló bí mi nínú jù. Tí a bá ti di ẹrù náà lé ayé lórí, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ìgò mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè omi. Ayé ò ní ọ́fíìsì tí a ti lè lọ fẹjọ́ sùn. Ọsibítù ní. Ilé ìjọba ní.

30/ Ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ò pọ̀. Gbogbo ọsibítù tó bá ń fún èèyàn ní kímò, kó ní ìgò blood culture àti láàbù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú. Kí wọ́n fún ẹni tó wà lórí kímò ní àńtíbáyótíìkì àkọ́kọ́ kí wọ́n tó bèèrè owó, ká máa san án lẹ́yìn. Kí omi àti ọṣẹ wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Ibi tí ìwọ̀nyí ò bá sí, ìdajì ìtọ́jú ni wọ́n ń tà fún wa ní owó odindi.

31/ Ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ yín náà rèé. Ọ̀fìnkìn, ẹ sinmi, ẹ mu omi. Ẹ má lo kápúsù tí dókítà ò kọ fún yín. Èyí tó bá kọ, ẹ lò ó bó ṣe kọ ọ́, ẹ má fún ọ̀rẹ́. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Tí ẹ bá sì rí ẹni tó ń júwe Ampiclox lórí TL, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ dá a lóhùn.

32/ Tí ẹnì kan bá wà lórí kímò nílé yín, ẹ fi èyí pamọ́ sórí fóònù: Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ara gbígbóná lónìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ibi tí ẹ máa gbé e lọ tó bá di òru. Tó bá dé 38, ẹ má fún un ní Panadol kẹ́ ẹ sùn, ẹ má ra oògùn ibà, ẹ gbéra. Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má sọ pé "ibà ń ṣe é." Ẹ sọ pé: "Ó ń gba kímò, ara rẹ̀ gbóná, ẹ bá wa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún blood culture, kẹ́ ẹ sì fún un ní àńtíbáyótíìkì nísinsìnyí." Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ jókòó dúró, ẹ má jókòó.

33/ Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo ti sọ fún yín. Ìwé èsì àǹtí mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú gbogbo R inú rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí pé kí ló pa á, òun ni mo máa fi hàn án.

34/ Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà lórí kímò. Òun lẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Ti RT kò kánjú.